Ọjọ́ Tí Wọ́n Fọ́ Ilé Edé

Káfíńtà ni ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Nígbà tí a kó dé Baruwa, iṣẹ́ tó ń ṣe jù ni tábìlì tí àwọn olówó máa ń gbé táǹkì ẹja lé ní pálọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́ kó lọ sókè òkun, ló bá fi táǹkì dígí kékeré kan ta á lọ́rẹ, tomi tewé. Mo rò pé ẹja ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo tẹjú mọ́ ọn, edé ni, pupa bí ata rodo, kò sí èyí tó gùn ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ nínú wọn.

"Ṣé sísè la ó sè é ni?" mo bi í.

"Wíwò la ó máa wò ó, jàre. Ẹ̀yin obìnrin ò ṣá lè rí nǹkan kékeré kẹ́ ẹ má ronú ọbẹ̀."

Télọ̀ ni mí, inú yàrá ni mo sì ti ń ránṣọ nígbà náà. Ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì mi ni àyè wà, ibẹ̀ ló gbé táǹkì sí, bí mo ṣe di olùtọ́jú edé nìyẹn. Mo kọ́ pé omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sùn nínú garawa kí n tó dà á fún wọn, pé ìwọ̀nba ọṣẹ tó kù lọ́wọ́ ènìyàn lè pa gbogbo wọn, pé bí iná bá lọ tí kò tètè dé, kí n máa fi ife bu omi náà kí n máa dà á padà láti òkè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Ewé tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ ni mo fi ń bọ́ wọn. Wọ́n á bo ewé náà, wọ́n á máa fi ọwọ́ wẹ́wẹ́ ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọ̀kan bọ́ èèpo, mo rí èèpo náà nílẹ̀ táǹkì, tojú tẹsẹ̀, mo sì rò pé edé ló kú.

Ní ọjọ́ kan, ọkọ mi mú ẹja kékeré oníla kan wá, ó ní kó lè bá wọn ṣeré. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí edé ló ń léfòó. Ẹja náà ti gbá abo kan tó gbé ẹyin sábẹ́ ikùn mú, ó ń gbọ̀n ọ́n bí ajá ṣe ń gbọn eku. Ẹyin ń fọ́n káàkiri, ó sì ń padà wá ṣà wọ́n jẹ. Mo fi asẹ́ gbé e, mo là á mọ́ sìmẹ́ńtì, mo tún fi bàtà tẹ̀ ẹ́ títí kò fi dà bí ẹja mọ́.

"Ìyàwó," ni ọkọ mi wí, "ẹ̀rù ẹ bà mí."

"Ẹ má tún mú irú ẹ̀ wá."

Ilẹ̀ tí lánlọ́ọ̀dù wa kọ́lé sí, ẹbí méjì ló ń jà lé e lórí. Ó ti rà á lọ́wọ́ ẹbí kan, èkejì sì ní àwọn làwọn ni ín. Ẹbí kejì yìí kọ́kọ́ kọ ọ́ sára ògiri pé kí gbogbo wa kó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pa ajá lánlọ́ọ̀dù, wọ́n gbé òkú ajá náà kọ́ sórí géètì. Baba àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni lánlọ́ọ̀dù. Ó ní kí a má mikàn, pé ọ̀rọ̀ ti wà ní kóòtù.

Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àìlà tán lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n wá, nígbà tí a gbọ́ tí fẹ́ǹsì wó. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn jàǹdùkú ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àdá, àáké, àti pákó tí wọ́n kan ìṣó mọ́ lórí. Baba lánlọ́ọ̀dù jáde sí wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀."

Ọ̀kan fi èkù àdá gbá a lẹ́nu. Eyín baba bọ́ sórí ẹ̀wù funfun rẹ̀. Wọ́n gbé e ṣubú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á nípàá, láyà, lórí.

Mo di ọkọ mi mú, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré lọ gbé baba náà. Wọ́n lé e padà wọnú yàrá wa. Òun fúnra rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn yẹn, ilẹ̀kùn náà sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n àáké là á kọjá. Mẹ́ta nínú wọn wọlé.

"Ta ló ní kó o dá sí i?" Èyí tó mú pákó oníṣòó ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fì í, ọkọ mi yẹ̀ ẹ́, pákó ba táǹkì.

Dígí fọ́ yángá. Omi ya bò wá lẹ́sẹ̀, àwọn edé sì ń ta pọ́ún pọ́ún lórí ilẹ̀, àwọn jàǹdùkú ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ó tún fì í lẹ́ẹ̀kejì, pákó ba ọkọ mi létí. Ó ṣubú sáàárín dígí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ inú omi, kò pẹ́ tí mi ò fi mọ èyí tí í ṣe edé àti èyí tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà tún gbé pákó sókè.

Mi ò rò ó. Mo he dígí gígùn kan, mo sì fi ya apá rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè. Mo gbọ́ ọ nínú ọwọ́ mi nígbà tí dígí kan eegun. Pákó bọ́. Ó wo apá rẹ̀, ó sì rọra sọ pé, "Ìyá mi o," bí ọmọdé. Àwọn méjì yòókù sá. Òun náà yí padà, mo tẹ̀lé e dé ẹnu géètì tòun ti dígí lọ́wọ́, mo fẹ́ tún gé e. Àwọn aládùúgbò ló dì mí mú. Ìgbà náà ni mo rí i pé àtẹ́lẹwọ́ tèmi náà ti là.

Ọsibítù n'Ígàndò ni wọ́n gbé wa lọ. Wọ́n rán ọwọ́ mi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá kan tó wọ aṣọ funfun àwọn Aládùúrà, láìwọ bàtà, wá jókòó tì mí. Ó fún mi lómi mu.

"Ta ló ṣe ọwọ́ ẹ báyìí, ọmọ mi? Àbí ọkọ ẹ ni?"

"Rárá, mà. Dígí ni. Ọkọ mi wà nínú lọ́hùn-ún, àwọn jàǹdùkú ló fọ́ ọ lórí."

Ó mi orí. "Ọmọ tèmi náà ni mo wá wò. Ọlọ́pàá ló gbé e wá. Wọ́n ní obìnrin kan ló fi dígí gé iṣan apá ẹ̀ ní Baruwa."

Àwa méjèèjì wo ọwọ́ mi.

"Èmi ni, Màmá."

Ó gbá mi létí. Ó fún mi lọ́rùn, a jọ ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ojú rírán ọwọ́ mi sì tú. Àwọn nọ́ọ̀sì ló là wá.

"Ẹ lọ wo orí ọkọ mi," mo ní. "Ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó tún lù mí."

Ó lọ lóòótọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Orí ọkọ mi ti wú débi pé ojú rẹ̀ ti sọnù sínú ẹran. Nígbà tí ìyá náà padà, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó ṣí fìlà funfun rẹ̀, ó sì fi àpá jíjìn kan hàn mí níwájú orí.

"Ọmọ mi yìí ló fọ́ tèmi náà," ó ní. "Mi ò lè ní kó o má bínú. Mi ò sì lè bú ẹ mọ́."

Baba lánlọ́ọ̀dù kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ara ọmọkùnrin ìyá náà le díẹ̀, ọlọ́pàá mú un lọ, mo sì gbọ́ pé ìka rẹ̀ ò ká mọ́. Ọkọ mi yè é, ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ ti di. Nígbà tí mo padà sí yàrá lọ kó ẹrù, ìjàlọ ti tò wọlé, wọ́n ń gbé àwọn edé lọ lórí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Mo gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀, a sì kó lọ s'Ígàndò.

Ó pẹ́ kí ọkọ mi tó tún gbé edé wálé. Aláwọ̀ búlúù ló mú wá, nínú ọpọ́n ike.

"Kì í ṣe pupa," ó ní, "kò sì sí dígí níbẹ̀."

Mo ní kó gbé e kúrò lójú mi. Kò bá mi jiyàn, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà mìíràn tí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún un, mo máa ń dúró ti ọpọ́n náà díẹ̀ kí n tó padà sílé.