Káàdì Àyà Lẹ́nu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àníyàn lè fi ọmọ èèyàn ṣe, kó lọ wo Ìyá Má-gbàgbé bí ètò bá ti ku fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ kó parí láìfi "ẹ má gbàgbé o" dé e lórí. Ẹ má gbàgbé àga. Ẹ má gbàgbé láti dán makirofóònù wò. Ẹ má gbàgbé pé èèyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiyín ni wọ́n pa. Bó ṣe ń sọ ti àga náà ló ṣe ń sọ ti òkú, ohùn kan náà, torí lójú tirẹ̀, bí àga kò bá pé, kò sẹ́ni tó máa jókòó gbọ́ ti òkú.

Tíṣà ìtàn ni tẹ́lẹ̀, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fi í ṣe olùṣètò ẹ̀kọ́ nípa Ìpakúpa àwọn Júù, ìyẹn bí àwọn Násì ṣe kó àwọn Júù jọ nígbà ogun, tí wọ́n sì pa wọ́n ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Wọ́n tún gbé ìpàdé àwọn ẹlẹ́sìn lé e lọ́wọ́, kí Mùsùlùmí, Kìrìsítẹ́nì àti Júù tó wà nílé ẹ̀kọ́ náà lè máa jókòó pọ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀, eruku á dà sínú tíì rẹ̀, á sì gbé ife náà sábẹ́ tábìlì láìgbójú sókè. Àlejò méjì kì í lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà àfi tí ẹnì kan bá jókòó lórí páálí ìwé.

Nílé, ọkọ rẹ̀ tó ń tún fìríìjì ṣe kì í jẹ́ kó gbádùn. "Ìyá àwọn ọmọ," á ní, "bó bá ṣe pé àníyàn ń mú iná wá ni, à bá ti máa pín in fún gbogbo àdúgbò." Ìyá Má-gbàgbé á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì tún padà sídìí àníyàn rẹ̀ bí ẹni tó gbé nǹkan kaná.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, kò ṣeé bá wí. Màmá Aránṣọ ti gbà láti wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Júù ni Màmá. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí àwọn Násì kó òbí wọn lọ, tí wọn ò sì padà wá mọ́. Gbogbo ìlú mọ̀ pé Màmá mọ aṣọ rán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu wọn rí, àtọmọ àtàlejò. Ó ti pẹ́ tí Ìyá Má-gbàgbé ti ń lọ kí wọn. Wọ́n á mu tíì, wọ́n á sọ̀rọ̀ bọ́tìnnì àti orúnkún tó ń roni, kò sì ní bèèrè nǹkan kan. Ọjọ́ kan ni Màmá ṣàdédé gbé ife kalẹ̀.

"Màá wá síbi ètò rẹ," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹnu mi ò bá gbà á lọ́jọ́ yẹn, má bi mí mọ́ títí tí màá fi kú."

Bó ṣe ń jáde, ọmọ Màmá lóbìnrin, tí òun náà ti ń hewú, sìn ín dé ẹnu géètì, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. "Tíṣà, ẹ bá mi rí i pé ó yọrí o. Èmi ọmọ bíbí inú wọn, mi ò mọ orúkọ ìyá wọn. Bí mo bá ti bèèrè, wọ́n á ní kí n lọ wo ohun tó wà lórí iná."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Má-gbàgbé lára. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti di ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ohun tó lè dẹ́rù ba Màmá, kó lè kó o kúrò lọ́nà. Ó lọ bá ọ̀gá àwọn gádì pé kí wọ́n mú ajá ẹnu géètì kúrò, torí ajá ni àwọn Násì fi ń ṣọ́ àwọn tí wọ́n bá kó.

"Ajá tí ò léyín mọ́?" ni ọ̀gá gádì bèèrè.

Ó ní bó tilẹ̀ jẹ́ àwòrán ajá ni, kí wọ́n gbé e kúrò. Ó ní kí gádì má wọ bàtà sójà, kí wọ́n má to ẹnikẹ́ni sórí ìlà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ohùn líle pe orúkọ. Èso àti omi nìkan ló ní kí wọ́n gbé kalẹ̀, kí ẹlẹ́sìn kankan má bàa sọ pé oúnjẹ òun kọ́ nìyí. Pásítọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní èso nìkan á sú èèyàn. Ààfáà ní kó sú wọn, ó sàn ju ìjà lọ.

Ohun kan ló kù. Lọ́dún tó kọjá, ìpàdé ẹlẹ́sìn yìí já sí pàbó. Àwọn Mùsùlùmí kóra jọ sápá kan, àwọn Kìrìsítẹ́nì sápá kejì, àwọn Júù díẹ̀ tó wá sì jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ fẹ́ẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Má-gbàgbé dá ọgbọ́n kan: kí olúkúlùkù lẹ káàdì mọ́ àyà, kí àwọ̀ káàdì náà fi ẹ̀sìn rẹ̀ hàn, kí wọ́n lè rí i dájú pé gbogbo àwọ̀ wà nídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí atẹ̀wé pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ajá ló ṣì wà lọ́kàn rẹ̀.

"Àwọ̀ wo fún ta ni, madam?"

"Àwọ̀ ewé fún Mùsùlùmí, búlúù fún Kìrìsítẹ́nì. Èyí tó bá kù, ẹ fi ṣe ti àwọn Júù. Ẹ má gbàgbé o, ọ̀la ni mo fẹ́ ẹ."

Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó tú u wò, ó ní ó wuyì. Ààfáà wò ó, ó yìn ín. Pásítọ̀ lẹ tiẹ̀ mọ́ àyà lójú ẹsẹ̀, ó ní ó yẹ kí wọ́n ti máa ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ wá wo àwọn èèyàn yìí o, àwọn tó ti ń fi ìtàn Násì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún gbọọrọ, wọ́n rọ̀gbà yí páálí káàdì ká, inú wọn ń dùn. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ètò, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n jókòó pọ̀ lóòótọ́, àwọn ọmọ ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín nídìí àwo èso. Ìyá Má-gbàgbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Ó yọjú lójú fèrèsé, kò sí ajá ní géètì. Ó wo ẹsẹ̀ gádì, sálúbàtà ló wọ̀. Ó tún dán makirofóònù wò, ó wá gbójú sókè, ó rí Màmá Aránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, tí ọmọ wọn dì wọ́n lápá mú.

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ Júù ló ń pín káàdì. Ọmọ náà tújú ká. "Ẹ káàbọ̀ o, Màmá. Tiyín rèé," ó sì na ọwọ́ sí wọn. Káàdì àwọ̀ ìyeyè ni. Irú rẹ̀ wà láyà òun fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ojú Ìyá Má-gbàgbé ti là. Àwọ̀ ìyeyè láyà Júù! Ohun tó máa ń fi àwòrán rẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, tó máa ń ní kí wọ́n wò dáadáa, àkísà ìyeyè tí àwọn Násì fipá mú àwọn Júù rán mọ́ aṣọ kí gbogbo ayé lè dá wọn mọ̀, òun ló tún fọwọ́ ara rẹ̀ ní kí wọ́n tẹ̀ yìí. Ó sáré, ó kọ lu àga, èso fọ́n ká ilẹ̀.

"Ẹ yọ ọ́! Gbogbo yín, ẹ yọ ọ́ láyà! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, mi ò rò ó, mi ò..."

Màmá gbé ọwọ́ sókè. Ojú wọn ti yí padà. "Ẹ má yọ ọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ta ló ní kí o lẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n fún mi nígbà tí wọ́n ní kí n wá máa pín in ni, ma."

"O bi wọ́n pé kí ló dé?"

"Rárá, ma. Ẹ̀rín ni wọ́n fi fún mi."

Màmá wo ọmọkùnrin kan tí tirẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. "Ìwọ ńkọ́? O ò rí i pé tiyín ò dọ́gba?"

"Mo rí i, ma. Mo rò pé tìtorí ìjókòó ni."

Ìyá Má-gbàgbé ti ń sunkún. Ètò ti bà jẹ́. Màmá máa yí padà sílé báyìí, wọn ò ní la ẹnu mọ́ láé, ọmọ wọn ò sì ní gbọ́ orúkọ tó ń wá. Òun ló fà á. Ó wo ojú ọmọ Màmá, ìyẹn ò tiẹ̀ wo òun.

Ṣùgbọ́n Màmá gba káàdì náà. Wọ́n rọra jókòó sórí àga tó sún mọ́ wọn jù, wọn ò dé ìdí makirofóònù rárá.

"Obìnrin kan ló fún wa ní tiwa, ní ọ́fíìsì ìlú," ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohùn wọn kéré, àwọn tó wà lẹ́yìn dìde wá síwájú. "Kì í ṣe èèyàn burúkú. Èmi àti ọmọ rẹ̀ jọ ń ṣeré. Ó mọ ètò ṣe. Ó ti to tiwa sílẹ̀ dè wá, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó kọ́ ìyá mi bí wọ́n á ṣe rán an tí kò fi ní ba aṣọ jẹ́."

Wọ́n ń yí káàdì náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ ìyá wọn, ketekete, bí ẹni tó ń pe èèyàn wọlé. Ọmọ wọn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ni Màmá wí. "Ikú wọn, mo lè sọ ọ́. Ọpẹ́ yẹn ni ẹnu mi ò gbà láti ọjọ́ yìí."

Ó mọ ètò ṣe. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń yin Ìyá Má-gbàgbé gan-an nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n gba gbogbo káàdì yìí kí n lọ dà á nù."

"Fi sílẹ̀," ni Màmá wí, wọ́n sì fa àga kan fún un. "Jókòó gbọ́ ìyókù. Níbi tí mo bá ìtàn náà dé yìí, ẹnì kankan ò tíì kú."