Ọ̀sán tí Òtútù Mú Tíṣà Jacob

Lọ́dún náà, ààwẹ̀ parí, ọdún ìtúnu kọjá, òjò ò rọ̀ ní Ọ̀fà. Ooru tó yẹ kó ti rọlẹ̀ ló tún ń le sí i. Hàlímàt, aránṣọ kan tó ń gbé nítòsí ibùdókọ̀ réluwéè, ní láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú, òun ò rírú ẹ̀ rí. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti bá iṣẹ́ lọ, òun nìkan ló kù nínú ilé.

Ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ooru gbé. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á gbé máṣínì rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa ránṣọ títí oòrùn á fi ká a mọ́bẹ̀. Nígbà náà ni á wọlé, á ti ìró méjì bọ omi, á fún wọn díẹ̀, á wá ta wọ́n sójú fèrèsé kí atẹ́gùn tó bá máa wọlé lè tutù. Orí sìmẹ́ńtì lásán ló ń sùn lọ́sàn-án. Fáànù wà, iná ni ò sí: tiransifọ́mà àdúgbò ti jó, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe, wọn ò tíì dé. Omi kànga ẹ̀yìnkùlé sì ti fà débi pé ẹrẹ̀ ló kù tí korobá ń bù jáde.

Ilé tó kángun sí tirẹ̀ ni Tíṣà Jacob ń gbé. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́. Àtìgbà tí ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́bọ́láńlé, ti kú ló ti ń dá gbé, torí Ìlọrin ni Àyànfẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti ń ṣiṣẹ́. Olè wọlé rẹ̀ nígbà kan, ni Tíṣà bá kan pákó mọ́ gbogbo fèrèsé. Ilé náà ò sì ní àjà, páànù ló gbá gèlètè lé e lórí. Hàlímàt bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí ẹyọ fèrèsé kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rí oòrùn tó ju èyí lọ nígbà tí òun wà ní Kàdúná.

Lójoojúmọ́, bí ìrun Alásárì bá ti parí, tí Hàlímàt ti padà sídìí máṣínì, Tíṣà á jáde, á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Hàlímàt. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Hikmat,” ni á wí. Hikmat ni àkọ́bí Hàlímàt. Wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀, Tíṣà á wọlé padà.

Lọ́jọ́ kan, súwẹ́tà ló wọ̀ jáde. Hàlímàt rò pé àgbà ló dé, ó ń ránṣọ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wọ̀ ọ́, ó sì di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Àwọn tó ń kọjá ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn nù, àmọ́ ojú Tíṣà gbẹ táútáú, kò sí òógùn lójú rẹ̀ rárá. Hàlímàt bi í bóyá ó ti mu omi. Ó ní omi ò wu òun mu. Bí Tíṣà ṣe wọlé, Hàlímàt pe Àyànfẹ́ lórí fóònù, ó ní ara bàbá rẹ̀ ò fẹ́ dá òun lójú. Àyànfẹ́ ní òun á wá tó bá di òpin ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Hàlímàt tètè padà sídìí máṣínì, Tíṣà náà sì jáde kí àkókò ìrun tó tó. Ó dúró síbi tó máa ń dúró sí, ó ń wo Hàlímàt, kò kí i.

“Ọmọ́bọ́láńlé,” ló wí, ohùn rẹ̀ ò ròkè, “o ò tíì kó aṣọ wọlé? Òtútù ń mú mi.”

Ọwọ́ Hàlímàt dúró lórí máṣínì. Kò sẹ́ni tí Tíṣà ń pè ní “o” ládùúgbò náà, ọmọdé tó wá rajà fún un pàápàá, “ẹ” ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni, ìyẹn sì ti wà nínú ilẹ̀. Kó tó dìde, Tíṣà ti yí padà, ó ti wọlé, ó ti ti ilẹ̀kùn.

Hàlímàt tẹ̀ lé e. “Tíṣà, èmi Ìyá Hikmat ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn.”

Ó gbọ́ tí Tíṣà ń wọ́ ohun wíwúwo kan nílẹ̀ nínú ilé, ó gbọ́ tó gbá mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Àwọn ewúrẹ́ nà gbalaja sínú gọ́tà tó gbẹ, wọn ò mira. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn onírin náà, ó jó o, ló bá sáré gba ojú títì lọ.

Kabir, ọmọ àdúgbò tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, ló bá lábẹ́ igi, tó ń sinmi. Irin tí Kabir fi ń tú táyà ni wọ́n fi já pákó fèrèsé kan. Ooru tó tú jáde lù wọ́n lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò orí iná. Kabir gba ojú fèrèsé wọlé. Tíṣà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tó fi dí ilẹ̀kùn, ó fi kúbùsù wé ara rẹ̀ yípo. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò rí wọn.

Wọ́n gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Hàlímàt. Ara rẹ̀ gbóná bí àyọ́ọ̀nù. Hàlímàt tú kúbùsù náà, ó bọ́ súwẹ́tà, ó fa àwọn ìró tútù ojú fèrèsé wálẹ̀, ó fi wọ́n bò ó, ó sì da ìyókù omi àmù lé e lórí. Ó fẹ́ bu omi sí i lẹ́nu, Kabir dá a dúró.

“Mummy, ẹ má fún un mu. Kò mọ ara ẹ̀, omi á há a lọ́fun.”

Kabir sáré ra piọ́ wọ́tà tó ti dì lọ́wọ́ oníkúlà lójú títì, wọ́n fi sí abíyá rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n fi gbé e dé ọsibítù, Hàlímàt ń fi páálí fẹ́ ẹ lọ lójú ọ̀nà.

Tíṣà ò kú. Dókítà ní ooru ti wọ̀ ọ́ lára jù, pé ọpọlọ rẹ̀ lè má padà bọ̀ sípò tán. Nígbà tí Àyànfẹ́ dé, Ọmọ́bọ́láńlé ni Tíṣà ń pè é. Ọmọbìnrin náà dáhùn, ó ń sunkún. Nígbà tí wọ́n dá Tíṣà sílẹ̀ lọ́sibítù, Àyànfẹ́ gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún Hàlímàt.

Ooru ò lọ. Ní ọ̀sán kan, òjò ṣú bo apá Ẹ̀rìn-Ilé, atẹ́gùn dìde, àwọn èèyàn gbé bàsíà síta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú ọ̀run là, oòrùn bọ́ síta padà. Hàlímàt jókòó ti máṣínì, ó ń wo ilé tó ṣófo náà, ló wá yé e pé látàárọ̀, ẹnì kan ò tíì pe orúkọ òun. Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Òógùn wà níbẹ̀. Ó tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí Kabir ń kọjá, Hàlímàt dá a dúró.

“Tó o bá ń kọjá lọ́sàn-án, máa pè mí,” ló wí. “Tí n ò bá dáhùn, má lọ o. Já ilẹ̀kùn.”

Kabir ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn Hàlímàt, ó fọwọ́ mì í wò bóyá ó le.