Ọbẹ̀ Tí Kò Lẹ́ja

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń jí mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti kírun àsùbáà, wọ́n á ti dáná sábẹ́ ẹja, èéfín á sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wá bá mi lórí ẹní. Nígbà òjò, òórùn ẹrẹ̀ nìkan ni. Mo kórìíra ìgbà òjò.

Lẹ́yìn Ìwó, odò pín sí méjì kó tó tún pàdé, abúlé wa sì wà láàárín. Omi yí wa ká. Baálẹ̀ wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń dájọ́ fún wa, a kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ abúlé mìíràn. Ibú kan wà tó jẹ́ tiwa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà á so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ igi etí ibú náà. Ó ti di títì nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju àwọ̀n sí i títí òjò á fi dá, kí ẹja lè ráyè bímọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí ọdún tí iléèwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọdún náà ni àwọn abúlé tó yí wa ká para pọ̀, wọ́n ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan: òfin kan, ọjà kan, ìgbìmọ̀ kan. Wọ́n ní bí a bá wọ ẹgbẹ́, àwọn á ṣe afárá fún wa. Inú mi dùn dé gongo. Òdì kejì omi ni iléèwé wà. Bí odò bá ti kún, ilé ni mo máa ń jókòó sí, tí n ó máa gbọ́ agogo iléèwé lókèèrè.

Aṣojú wọn gbé obì wá. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tó bá jẹ obì náà ti gbà láti wọ ẹgbẹ́. Baálẹ̀ ti fẹ́ bù ú jẹ kí Ìyá Àgbà tó gbà á lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n so ó mọ́ etí ìró.

"Ìyá, tiyín á ṣì jẹ́ tiyín," ni aṣojú wí.

"A gbọ́, ọmọ mi. Wá bá wa jẹun lọ́jọ́ Jímọ̀."

Nígbà tó lọ tán, Ìyá Àgbà yíjú sí Baálẹ̀: "Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí aṣojú padà wá, iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ìyá Àgbà fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wò ó. Ó tọwọ́ bọ ọbẹ̀, ó wá ẹja títí.

"Ìyá, omi yí yín ká báyìí, ẹja ò sì sí nínú ọbẹ̀?"

"Ibú ṣì wà ní títì, ọmọ mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣèyọnu. Bí a bá ti di ọ̀kan, ẹ ò ní máa tì í mọ́. Ti gbogbo wa ló máa jẹ́."

Ìyá Àgbà ní kó jẹun yó. Nígbà tó fọwọ́ tán, wọ́n tú etí ìró, wọ́n fi obì rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Bá wa kí àwọn ará ilé."

Mo sunkún afárá náà títí ojú mi fi wú. Bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin ní Ìwó kí n lè máa rí iléèwé lọ, n kò sì bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ kí n tó lọ. Lọ́dún tí mo wà ní ìwé kẹfà, wọ́n ránṣẹ́ pé ara Ìyá Àgbà kò yá. Nígbà tí èmi àti àbúrò bàbá mi náà dé etí odò, omi ti kún dé bèbè, ọlọ́kọ̀ kankan kò gbà láti gbé wa. Ibẹ̀ la dúró sí tí a fi gbọ́ ẹkún láti òdì kejì.

Ìjọba ti ṣe afárá síbẹ̀ báyìí. Èmi ni mo ń so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ etí ibú, ẹja ò sì tíì tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà, tó dúró létí odò yẹn, ì bá jẹ obì náà láìwẹ̀yìn, n kò sì lè bá a wí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ mìíràn gbé obì wá, wọ́n ní ìdàgbàsókè ni àwọn bá wá. Ọ̀rọ̀ wọn dùn. Mo so obì wọn mọ́ etí ìró, mo ní kí wọ́n wá jẹun lọ́jọ́ Jímọ̀. N kò fi ẹja sínú ọbẹ̀.