Òrùka Pankẹ́rẹ́ Ràfíátù

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, táyà alùpùpù mi jò ní Akpassi. Bí mo ṣe jókòó sábẹ́ igi kajú tí mò ń dúró de ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́, òórùn kan gba ojú ọ̀nà wá bá mi: òórùn pankẹ́rẹ́ tútù tí wọ́n ń yá níná kí ó lè tẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń fi àpò ọ̀rá kó kajú lọ tà, ẹ lè má mọ òórùn náà. Ó dà bíi ti koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí èéfín díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹni tó ń lẹ táyà má baà rí mi, nítorí kò yẹ àgbàlagbà kó máa sunkún nítorí agbọ̀n.

Pira ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wọ ilé-ìwé girama ní Bantè, bàbá mi fi mí sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ahunagbọ̀n, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, tí kì í sì í fi pankẹ́rẹ́ ṣeré. Agbọ̀n adìẹ, agbọ̀n iṣu, agbọ̀n tòmátì ló kún àgbàlá rẹ̀, débi pé bí òjò bá ṣú, a ó kó wọn wọlé tán kí àwa fúnra wa tó ríbi dúró sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ràfíátù, àti èmi wà ní kíláàsì kan náà. Ọdún méjì ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n mi ò kì í pè é ní ẹ̀gbọ́n àfi bí ìyá rẹ̀ bá wà nítòsí. Ó ti tún kíláàsì náà ṣe lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn. Òfin ilé-ìwé kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ létí gbogbo wa pé bí wọ́n bá fi lé e kúrò, ọkọ ti wà nílẹ̀ ní Tchetti. Ràfíátù kò fẹ́ lọ sí Tchetti. Ó fẹ́ di olùkọ́ ṣimí, ẹ̀kọ́ nípa ohun tí a fi dá ohun gbogbo tí à ń fojú rí.

Olùkọ́ ṣimí wa, tí à ń pè ní Músíè, ní ìwé kékeré kan tí etí rẹ̀ ti rún, èyí tí olùkọ́ tirẹ̀ pè fún un kọ nígbà èwe rẹ̀. Inú rẹ̀ ló ti kọ́ wa pé kábọ́ọ̀nù ní ọwọ́ mẹ́rin, àti pé ó ní bí ó ṣe ń fẹ́ kí àwọn ọwọ́ náà ya síra. Àwọn kábọ́ọ̀nù lè di ara wọn lọ́wọ́ mú yípo, kí wọ́n di òrùka. Bí òrùka náà bá jẹ́ ti mẹ́ta, ọwọ́ wọn á fún pọ̀ jù, ara á ni wọ́n, kò sì ní pẹ́ já. Títí dé ibẹ̀, ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré náà tún sọ pé gbogbo òrùka ló ń sùn pẹrẹsẹ bí àwo, nítorí náà ti márùn-ún ni ara rẹ̀ balẹ̀ jù, ti mẹ́fà sì tún bẹ̀rẹ̀ ìnira.

Ràfíátù kò gbà. Ó gé pankẹ́rẹ́ bàbá rẹ̀ sí kéékèèké, ó yá wọn níná, ó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun kan náà gẹ́lẹ́, bí olùkọ́ ṣe ní ọwọ́ kábọ́ọ̀nù ń ya, ó ní kí n bá òun so wọ́n pọ̀. Ti mẹ́ta kò tilẹ̀ jẹ́ ká so ó tán. Ó já pàà, ó gbá mi létí, ìyá rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi jóná. Ti mẹ́fà kò sùn pẹrẹsẹ rárá. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ta kò wá. Bí a bá fi í sílẹ̀, á gbé orí sókè, á rẹ ìdí sílẹ̀ bí àga ìrọ̀gbọ̀kú, á sì dúró jẹ́ẹ́. Kò sí okùn kan tó le lára rẹ̀.

“O rí i?” Ràfíátù ní. “Kò sí wàhálà kankan lára eléyìí.”

Mo rí i. Ọwọ́ mi ló wà lára rẹ̀.

Ìdánwò ìparí ọdún dé, ìbéèrè náà sì wà níbẹ̀: òrùka wo ni ara rẹ̀ balẹ̀ jù? Èmi kọ márùn-ún, nítorí mo mọ ohun tí olùkọ́ ń fẹ́. Ràfíátù kọ mẹ́fà, ó sì ya òrùka náà bí àga sí i. Máàkì tó wà lórí ìbéèrè náà pọ̀. Òun nìkan ló mú kó fìdí rẹmi. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ dá ìwé wa padà, Ràfíátù dìde, ó yọ òrùka pankẹ́rẹ́ náà nínú àpò rẹ̀.

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Músíè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó.”

“Ṣé ahunagbọ̀n ló fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ mi?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ràfíátù yíjú sí mi. “Àwa méjèèjì la jọ so ó. Sọ fún wọn.”

Olùkọ́ bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo wo ìwé mi, tí wọ́n fi báìrò pupa kọ máàkì tó dára sí. Mo ní, “Mi ò mọ̀, Músíè.” Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún yín.

Kí a tó wọlé fún ọdún tuntun, wọ́n ti mú un lọ Tchetti.

Ní yunifásítì ni mo ti rí i nínú ìwé ńlá kan pé òrùka ti mẹ́fà ni ara rẹ̀ balẹ̀ jù, nítorí pé kì í sùn pẹrẹsẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ náà ti ṣe àṣìṣe olùkọ́ wa rí, àwọn tó tún un ṣe sì pe ìrísí òrùka náà ní àga. Mo gbé ìwé náà, mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, lọ sí Tchetti. Mo bá Ràfíátù tó ń bó gbágùúdá, ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ojú ìwé.

“Ìwọ lo tọ̀nà, Ràfí.”

“Mo mọ̀,” ó ní. “Ìwọ náà mọ̀.”

Ó dá ìwé mi padà, ó sì béèrè àlàáfíà àwọn ará Pira. Orí ìkúnlẹ̀ ọmọ kẹrin ló kú sí. Mi ò tún fojú kàn án.

Ohun púpọ̀ ti yí padà. Ọmọ tó bá ní tẹlifóònù lè máa wo òrùka náà bó ṣe ń yí lójú rẹ̀. Èmi ni mò ń kọ́ wọn ní ṣimí ní Savalou, iṣẹ́ tí Ràfíátù fẹ́, ó sì ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Lọ́dọọdún, bí mo bá dé orí ẹ̀kọ́ náà, mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi igi so òrùka ti mẹ́fà fúnra wọn, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí bó ṣe ń gbé orí sókè. Lọ́jọ́ kejì, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yà á ní pẹrẹsẹ sójú pátákó, mo sì máa ń sọ fún wọn pé bó ṣe rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí n lè gbọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó máa ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń dúró pẹ́. Bí mo bá yíjú padà, gbogbo wọn ti tẹrí ba, wọ́n ń dà á kọ.