Adájọ́ Tó Dá Ènì Padà ní Owódé

Ẹ̀yin ọmọ, etí dà?

“Etí rèé o!”

Ẹ sún mọ́ra. Ìtàn yìí ṣubú gbì, kò ṣubú lé ìjàpá, kò ṣubú lé ẹkùn. Ó ṣubú lé Bùsírátù Kọ́láwọlé, adájọ́ tó ti lọ, ọmọ oníṣòwò aṣọ ní Ṣàpọ́n.

Nígbà tó ṣì jẹ́ màjísíréètì, ó lọ ra ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, Àfúsá, ní ọjà Owódé. Ó ná an títí òógùn fi bo Àfúsá, nítorí ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Ṣàpọ́n ní ìnájà? Nígbà tí wọ́n gbà tán, Àfúsá wọn kóńgò méjì, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e bí ìṣe ọlọ́jà.

“Kí lèyí?”

“Ènì ni, Alájà.”

“Bù ú padà.”

“Háà! Ta ló ń bu ènì padà? Ṣé kí ọjà mi dojú rú ni?”

“Àfúsá, kóòtù ni mo ti ń jẹun. Bí ìwọ àti ẹnìkan bá dé iwájú mi lọ́la, ẹ̀kúnwọ́ yìí á máa kan ilẹ̀kùn lọ́kàn mi.”

Ó fa àpótí, ó jókòó, ó ń ṣa ìrẹsì ènì náà padà. Gbogbo ọjà ń yọjú wò ó.

“Ó ti tán, Alájà, ẹ jọ̀ọ́!”

“Ó ku hóró mẹ́ta.”

Àṣé ẹnu rẹ̀ ti rí ọ̀la. Kò pé oṣù kan tí awakọ̀ kan da ẹrù Àfúsá sómi, tó ní òun kọ́. Ẹjọ́ di ti kóòtù, ta ló sì jókòó sókè? Bùsírátù! Kí ẹnikẹ́ni tó ya ẹnu, ó ní: “Kí gbogbo ayé gbọ́. Mo ra ìrẹsì kóńgò méjì lọ́wọ́ obìnrin yìí. Mo dá ènì rẹ̀ padà.” Ó kọ ọ́ sínú ìwé kóòtù, àtènì àtìrẹsì, ó sì gbé ẹjọ́ náà fún màjísíréètì mìíràn. Ibẹ̀ ni Àfúsá ti jàre.

Ọdún gorí ọdún, wọ́n ń wá adájọ́ tuntun fún ilé ẹjọ́ gíga. Ẹ̀yin ọmọ, oyè yìí kì í ṣe oyè ìdílé. Lọ́yà gbọ́dọ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọn yóò gbé orúkọ rẹ̀ ká, kí ẹni tó bá mọ àbùkù rẹ̀ wí. Orúkọ náà yóò dé Àbújá kó tó padà sọ́wọ́ gómìnà. Orúkọ á rìn, olórúkọ á jókòó sílé máa gbọ̀n.

Bí orúkọ Bùsírátù ti ń lọ ni ẹnìkan kọ ìwé ẹ̀sùn: ó gba àpò ìrẹsì lọ́wọ́ Àfúsá kí Àfúsá lè jàre. Bí èyí bá lẹ̀ mọ́ ọn, oyè lọ, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ náà lọ. Wọ́n ní kí Àfúsá wá sọ tẹnu rẹ̀. Ọjọ́ ọjà gan-an ni wọ́n mú.

“Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá, kí ló kàn ọ́?” ni Olúkẹ́mi, aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀, wí.

“Ó kọ ìrẹsì mi,” ni Àfúsá dáhùn. “Kò kọ ẹnu mi.” Ló bá gun ọ̀kadà.

Ní Abẹ́òkúta, àwọn àgbà ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ẹ̀sùn náà tò lọ bẹẹrẹbẹ, awò lójú. Bùsírátù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ìyá, ṣé ẹ fún obìnrin yìí ní ìrẹsì?”

“Mo fún un.”

Bùsírátù di ojú.

“Báwo ló ṣe pọ̀ tó?”

“Ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó sì ṣà á padà ní hóró-hóró! Títí dòní ni wọ́n ń fi í ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ lọ́jà. Ẹ̀yin àgbà, ẹni tí kò gba ẹ̀kúnwọ́ lẹ ní ó gba àpò?”

Wọ́n ṣí ìwé kóòtù àtijọ́. Ènì ń bẹ níbẹ̀ gbangba. Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò nu ojú.

Ọjọ́ ìbúra, Àfúsá rí aṣọ pupa àti wíìgì, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ẹni tí wọ́n jọ fa kóńgò mọ́ ara wọn lọ́wọ́! Kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bùsírátù fi dájọ́, ìwà kan sì ń pa àwọn lọ́yà lẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìí kò ní tíì dárúkọ, adájọ́ á ti bi í pé: “Kí lẹ fi sílẹ̀ kí ẹ tó wá?” Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Àfúsá bi í léèrè ìdí rẹ̀.

“Ọjọ́ tí wọ́n pè ọ́, mo sọ fún ọkọ mi pé o ò ní wá, nítorí ọjọ́ ọjà ni. Bí mo ṣe rí ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, eruku lórí gèlè, tí o ti fi ọjà sílẹ̀ nítorí mi, mo gbàgbé gbogbo òfin tí mo kọ́.”

“Alájà, ẹ má pa mí lẹ́kún o!”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ó fi di omijé.

Bùsírátù kú ní òjò èṣí. Lọ́jọ́ ìdágbére rẹ̀, àwọn lọ́yà sọ̀rọ̀ ńláńlá nípa rẹ̀, òyìnbó ń dún yànyàn. Àfúsá kò gbọ́ ọ̀kankan. Ó ṣáà ń mi orí sí i, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ó parí. Èyí tó kéré jù ti sùn. Ẹ rọra gbé e. Ẹ lọ ṣan ẹsẹ̀, kí ẹní gbà yín.