Mọ́tò Pupa Mi àti Alágbẹ̀dẹ Sakété

Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ara rẹ̀ wọ ọjà Pobè. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni, kó wá bá mi nílé. Kì í sì í ṣe mọ́tò bákan ṣá o. Mọ́tò eré-sísá ni: pupa fòò, ó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè bojú wo inú rẹ̀, àga méjì péré ló ní, aṣọ líle tí èèyàn lè ká sẹ́yìn sì ni òrùlé rẹ̀. Tí mo bá ti ká òrùlé yẹn, tí mo so gèlè mi le kí atẹ́gùn má bàa gbé e, tí mo wá tẹ̀ ẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí títí dé ìdí ọjà, kò sí ọkùnrin tó jókòó tí kì í dìde. Inú mi máa ń dùn. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń díbọ́n pé òun ò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ilẹ̀ wa gba òmìnira nígbà náà. Àwọn òyìnbó tó wà ní ibi ìwádìí ọ̀pẹ ń palẹ̀ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn, tí mo gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀ nígbà tí òjò ti gé ọ̀nà Àjàṣẹ́, kò rí bí òun ṣe máa gbé mọ́tò náà wọ ọkọ̀ òkun. Ó ní èmi lòun fẹ́ kó máa wà á. Èmi, agbẹ̀bí ìjọba, tí mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún! Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní wíwà rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà. Mo kọlu ọ̀pẹ méjì kí n tó mọ̀ ọ́n wà. Àwọn ọ̀pẹ náà ò kú.

Àwọn àgbà ìjọ mi kùn díẹ̀, torí pé nínú ìjọ wa, àwa kì í lo aṣọ pupa. Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin bàbá, mi ò wọ̀ ọ́ o, inú ẹ̀ ni mò ń jókòó sí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n fáàrí nìkan kọ́ ni mo fi ń ṣe. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà Towé, èmi ni mo ń lọ yẹ àwọn aláboyún àgbègbè ibẹ̀ wò. Wọ́n á ti wá láti oko, wọ́n á tò sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa dúró dè mí. Àga kejì inú mọ́tò náà kì í ṣe ti èèyàn, ti àpò mi ni: sísọ́ọ̀sì, òwú, oògùn, àti ìwo onígi kékeré tí mo fi ń tẹ́tí sí ọkàn ọmọ nínú ikùn ìyá rẹ̀. Kí mọ́tò yẹn tó dé, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń rin èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà.

Lọ́jọ́ kan, kámíọ̀n, ọkọ̀ ńlá tó kó èso ọ̀pẹ, ń padà sẹ́yìn nínú ọjà Pobè láìwo ibi tó ń lọ. Ó fi ìdí lu mọ́tò mi níbi tí mo gbé e sí. Irin tó bo táyà iwájú lápá òsì wó wọnú, ó ká jọ bí ewé gbígbẹ. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí awakọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà tí mi ò lè kọ síhìn-ín, torí pé àwọn ọmọ ọmọ mi máa kà á.

Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Sakété. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tolié, ìyẹn ẹni tí ń tún ara mọ́tò ṣe. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí i. Ọkọ́ àti àdá ni bàbá rẹ̀ rọ títí tó fi kú, ṣùgbọ́n òun lọ kọ́ iṣẹ́ mọ́tò ní Àjàṣẹ́, ó sì padà dé pẹ̀lú bàtà dídán àti fìlà tó máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gba mọ́tò lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo lọ gbà á, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ibi tó wó ti kún, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ọ̀dà rẹ̀ ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo yí Sakété ká lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gba ọ̀nà ilé, kí gbogbo wọn lè rí i.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà kan, mo ń lọ sí Towé, mo gbọ́ tí nǹkan ń họ táyà iwájú lápá òsì. Mo ní bóyá òkúta ni. Kí n tó ronú kejì, táyà bẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Irin yẹn ti sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, ó ti gé e. Ẹrẹ̀ pupa kún gbogbo ibẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò ní rí ẹrẹ̀ pupa lábẹ́ mọ́tò lójú ọ̀nà wa? Mo gbé àpò mi rù, mo bọ́ bàtà, mo fẹsẹ̀ rìn ín. Nígbà tí mo fi dé, ìdajì àwọn obìnrin náà ti lọ. Ọ̀kan tó ti ń rọbí ti bí ọmọ tirẹ̀ sórí ẹní. Ìyá yè, ọmọ yè, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Dọ̀tóò àgbà, dókítà tó jẹ́ ọ̀gá wa, pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní, "Madámù, eré ọmọdé ni mọ́tò yín yìí. Tí ẹ ò bá fi dé Towé lásìkò lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, àǹfímié wa ló máa gba ibẹ̀ lọ́wọ́ yín. Òun ní mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù tí kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀." Àǹfímié yẹn, ìyẹn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa, ọkùnrin ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń di egbò dáadáa. Ṣùgbọ́n èmi mọ àwọn obìnrin Towé. Tí ọkùnrin bá ti jókòó sábẹ́ máńgòrò yẹn, ẹyọ kan nínú wọn ò ní jáde wá mọ́. Èmi ni mo fi ọdún méjì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó máa wá. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì kù.

Mo pààrọ̀ táyà, mo rọra wa mọ́tò náà lọ sí Sakété.

Alágbẹ̀dẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá rẹ̀, arúgbó tó ti di opó, jókòó lẹ́bàá ògiri bó ti máa ń ṣe, ó ń fi òkúta pa ẹ̀kùrọ́. Òkìtì èèpo ẹ̀kùrọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí ìyá náà lórí ìkúnlẹ̀. Mo wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún mi ò dáa. Irin yẹn ti jábọ́ lé táyà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Madámù, iṣẹ́ mi ò ní àbùkù o. Wíwà yín ni. Obìnrin kì í rọra wọ kòtò."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mú ìwo onígi mi jáde nínú àpò. Mo gbé e lé irin apá ọ̀tún, mo fi etí sí i, mo fi ìka kàn án: ó dún gbọ̀n-ìn. Mo gbé e lé apá òsì, níbi tó tún ṣe, mo kàn án: ó dún kù, ó dákẹ́. Àwọn èèyàn ti ń pọ̀ sí i. Wọn ò tíì rí ẹni tó ń yẹ mọ́tò wò bí aláboyún rí.

Mo ní, "Irin kọ́ ló wà níbí."

"Irin tó nípọn ni," ló dá mi lóhùn. "Mo fi kún un kó lè lágbára. Ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà lẹ rí lábẹ́ ẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ búra."

Gbogbo wọn sún mọ́ wa. Nílẹ̀ wa, irin ni àwọn tí kì í ṣe Kristẹni tàbí mùsùlùmí fi ń búra, kódà níwájú adájọ́. Ìjọ mi kò fẹ́ ká búra, èmi ò sì ní fi nǹkan kan búra. Ṣùgbọ́n mo ti gbẹ̀bí púpọ̀ nínú ilé àwọn alágbẹ̀dẹ Sakété, mo sì ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Alágbẹ̀dẹ á ṣí fìlà, á bọ́ bàtà, á kúnlẹ̀, á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó fi ahọ́n kan irin. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n. Ara àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń gbọ̀n.

Ọkùnrin yìí ò ṣe ìkankan nínú rẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú fìlà lórí, pẹ̀lú bàtà dídán lẹ́sẹ̀, ó lá ibi tó tún ṣe náà fẹ́ẹ́, ó dìde, ó nu ẹnu. Ó ní, "Mo ti búra. Ó tán àbí kò tán?"

Àwọn èèyàn pariwo. Ẹnì kan ní kí n kúnlẹ̀ kí n tọrọ gáfárà. Fún ìṣẹ́jú kan, mo rí ara mi tí mò ń padà sí Pobè pẹ̀lú ìtìjú, mo sì rí mobilẹ́ẹ̀tì àǹfímié lábẹ́ máńgòrò Towé. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo tún wo bàtà yẹn.

Mo ní, "Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ ti ń wọ bàtà fi irin búra?"

Ó wo bàtà náà. Mo tún ní, "Torí pé ẹ mọ̀ pé irin kọ́ ni, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù ò fi bà yín. Ẹ lọ mú òòlù bàbá yín wá. Ìyẹn lẹ máa lá."

Òkúta tí ìyá náà fi ń pa ẹ̀kùrọ́ dúró. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó rìn wá sídìí mọ́tò mi, ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ irin yẹn. Ó walẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó fa ọwọ́ jáde, amọ̀ ikán ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, irú èyí tí a fi ń rẹ́ ilẹ̀ ilé, èèpo ẹ̀kùrọ́ wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ó wò ó. Ó wo òkìtì tirẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo wá ń bu èèpo mi. Mo rò pé fún iná ni."

Ó gbọn amọ̀ náà kúrò lọ́wọ́. Ó padà síbi tó jókòó sí.

Àwọn èèyàn tú ká láìrẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn dúró, ó ń wo ilẹ̀. Mo ti to èébú tó pọ̀ sẹ́nu láti Pobè, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, mo gbé wọn mì. Mo ní, "Ọjọ́ ọjà Towé ku ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ò kúrò níbí."

Ó wọlé lọ mú òòlù bàbá rẹ̀. Ó fọ́ amọ̀ tí òjò ti mú wúwo náà dànù, ó tú irin yẹn kúrò lára mọ́tò, ó sì dá iná. Mo jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, mo ń wò ó. Ilé ìyá rẹ̀ ni mo ń sùn. Irin náà tún wó mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbẹ́ igi sí ìrísí apá ọ̀tún, ó ń lu irin náà lé e lórí díẹ̀díẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń lu ojú ọkọ́. Mo ti rí iṣẹ́ rere láyé mi, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tí mo bá rí i. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, mo ti gbàgbé láti bínú. Èmi ni mo ń sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ tún wo ibẹ̀ yẹn, ó ṣì ga díẹ̀," òun náà á sì wò ó, á ní òótọ́ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, irin náà ti wà níbi tó yẹ kó wà. Kò kùn ún. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé irin ni. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò pupa mi ṣe ní èjìká kan tó funfun, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn ún títí tí mo fi dẹ́kun wíwà á.

Mo fẹ́ wọ mọ́tò kí n máa lọ. Ó ní kí n dúró. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Ó bọ́ bàtà dídán yẹn, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú mọ́tò mi. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó ṣe é. Ó pẹ́ kó tó tẹ orí ba. Nígbà tí ahọ́n rẹ̀ kan irin náà, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìyá rẹ̀ gbé fìlà náà lé itan. Ó gbé òkúta rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀kùrọ́.

Nígbà tí mo dé Towé, oòrùn ò tíì ga, àwọn obìnrin náà ṣì ń tò sábẹ́ máńgòrò.