Ọmọ Tó Ń Fèsì Oríkì

“Bí o bá jẹ́ kí ọmọ yìí máa gba oríkì mọ́ mi lẹ́nu, bí àlejò ni yóò ṣe dàgbà nínú ilé bàbá rẹ̀.”

Ìyá ọkọ mi ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi lágbàlá wọn ní Ìrẹmọ, ní Sátidé kẹta tí a ti Màléṣíà dé. Ìkìlọ̀ náà ló mú mi kọ èyí, nítorí mo gbọ́ ọ, mo sì ṣì í lò.

Ẹ̀kọ́ ló gbé ọkọ mi lọ síbẹ̀. Èmi ń ránṣọ nílé. Ọmọbìnrin wa kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí a lọ. Ó ti pé méje kí a tó padà sí Ilé-Ifẹ̀, tí a gba ilé sí Ilàrè.

Lọ́hùn-ún, ìyá àgbà kan, ará Màléè, Mùsùlùmí bíi tiwa, ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyá náà kọ́ ọ ní orin kúkúrú tí wọ́n ń pè ní páńtùn. Ìlà mẹ́rin ni. Méjì àkọ́kọ́ lè dá lórí igi tàbí odò. Méjì ìkẹyìn ló ń gbé ọ̀rọ̀ inú jáde. Bí ẹnì kan bá fi páńtùn kí ọ, o gbọ́dọ̀ fi òmíràn fèsì. Ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó gbéra ga.

Lálaalẹ́, a tún máa ń gbé ohùn ìyá ọkọ mi sí i lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti kì í sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ó mọ ohùn wọn dáadáa. Ohun tí fóònù kò lè fi hàn án ni pé ẹni tí à ń kì a máa dákẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ títí àgbà yóò fi ṣe tán. Èmi náà kò sọ fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó kúnlẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní ohùn Ifẹ̀. Bí wọ́n ṣe dúró mí, ọmọ gbé orin Màléè, ojú rẹ̀ ń dán. Màmá wò mí, wọ́n sì sọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ̀rù bà mí. Inú takisí ni mo ti fòfin de èdè náà. Ó gbọ́ràn ju bí mo ṣe fẹ́ lọ: kò kọ orin kankan mọ́, títí kan ti Yorùbá. Nílé kéwú, ẹnu rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Ààfáà bi mí bóyá ọ̀fun ló ń dùn ún. Mo ka ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kejìlá, Ọjọ́bọ̀, mo mú un padà sí Ìrẹmọ.

Màmá ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ohun gbogbo. Wọ́n béèrè ohun tí orin náà sọ. N kò mọ̀. Mo gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ yẹn kò jẹ́ kí n fetí sí i.

“Ìyàwó, ìwọ tí o gbédè ò gbọ́,” ni Màmá wí. “Èmi tí n ò gbédè ni mo wá ń béèrè.”

Wọ́n kọjú sí ọmọ. Ó kọ́kọ́ wò mí. Mo mi orí sí i pé kó sọ ọ́. Ó wá rọra túmọ̀ rẹ̀:

“Àgbọn já bọ́ sínú odò,
omi ń gbé e lọ.
Bí mo tilẹ̀ jìnnà sí yín,
ohùn yín ni mo fi ń sùn.”

Ó ní ìyá àgbà ará Màléè ló bá òun tò ó, kí òun lè rí nǹkan fi kí ìyá bàbá òun.

Màmá gbé ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kó súnmọ́ wọn.

“Jẹ́ kí n kì ọ́ tán ná. Bí mo bá ti ní ‘dìde’, ó kàn ọ́.”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo Sátidé. Ọmọ náà ti mọ oríkì rẹ̀ lórí, kò sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ Màmá lẹ́nu mọ́. Ó dá mi lójú pé nínú oríkì àti páńtùn, kò sí èyí tó ń pa èkejì lára.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ kan bá ti òkè òkun dé, tó sì kọrin èdè míì lójú yín, ẹ bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ní kó dákẹ́.